Alíkálì àti Aláṣẹ: Títọwọ́ Òṣèlú Bọ Iṣẹ́ Ìdájọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Timbuktu dé Àbújá

Ìfáárà

Ìlú kì í tòrò níbi tí ẹni tí a fi ìyà jẹ kò bá ti rí ibi tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ Islām ṣe ka ìdájọ́ (qaḍā’) sí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tó wúwo jù lọ lọ́rùn ẹ̀dá. Wọ́n kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé lórí irú ẹni tó yẹ kí ó jókòó sórí àga náà, bí yóò ṣe gbọ́ ẹjọ́, àti irú ìwà tí kò yẹ kí a bá lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà tí kò tíì tán nílẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ títí di òní: bí ó bá jẹ́ pé aláṣẹ ìlú ló ń yan adájọ́, ta ni yóò dá ẹjọ́ aláṣẹ náà?

Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti gba òmìnira ní 1960, ìjọba ológun àti ìjọba alágbádá ti tọwọ́ bọ iṣẹ́ ilé ẹjọ́ ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé títọwọ́bọ̀ kò ju kí òṣèlú ránṣẹ́ pe adájọ́ lóru, kí ó sì sọ ẹni tí yóò jàre fún un. Bí irú èyí tilẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, kò pọn dandan kí ó ṣẹlẹ̀ kí ìdájọ́ tó wọ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ni agbára òṣèlú máa ń gbà wọ ilé ẹjọ́ láìsọ ọ̀rọ̀ kan: yíyàn sípò, owó, àti yíyọ kúrò nípò. Ẹni tó bá di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú kò nílò láti pàṣẹ fún adájọ́ mọ́, nítorí pé ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ìṣáájú, pàápàá àwọn tí ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé nínú òfin Mālik, ti rí àwọn ẹnu ọ̀nà yìí, wọ́n sì gbìyànjú láti ṣọ́ wọn. Iṣẹ́ yìí yóò kọ́kọ́ wo ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà nínú ẹ̀sìn, lẹ́yìn náà yóò wo ìṣe àwọn onímọ̀, kí ó tó wá fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà wé e.

Ìpìlẹ̀ Ọ̀rọ̀ Náà Nínú Al-Qur’ān àti Sunnah

Nínú Sūratu-n-Nisā’, āyah 58, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a dá ohun ìfọkàntán (amānah) padà fún àwọn tó ni í, kí a sì ṣe ẹ̀tọ́ nígbà tí a bá ń dájọ́ láàrin àwọn ènìyàn. Ó yẹ kí a kíyèsí bí àṣẹ méjèèjì ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀rọ̀ ìfọkàntán ló ṣáájú, ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ló tẹ̀lé e. Ipò adájọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun ìfọkàntán tí a gbọ́dọ̀ fi lé ẹni tó yẹ lọ́wọ́. Bí a bá ti da ti àkọ́kọ́, ìkejì kò lè dúró. Nínú āyah 135 sūrah kan náà, a pa á láṣẹ fún àwọn onígbàgbọ́ pé kí wọ́n dúró ti ẹ̀tọ́, kódà bí ó bá ta ko àwọn fúnra wọn, òbí wọn tàbí ìbátan wọn, yálà olówó ni ẹni náà tàbí tálákà. Nínú Sūrah Ṣād, āyah 26, a kìlọ̀ fún Ànábì Dāwūd (kí àlàáfíà Ọlọ́hun máa bá a), ẹni tó jẹ́ ọba àti adájọ́ pa pọ̀, pé kí ó má tẹ̀lé ìfẹ́ inú nígbà tó bá ń dájọ́. Bí a bá kìlọ̀ bẹ́ẹ̀ fún Ànábì, aláṣẹ mìíràn kò lè sọ pé ìkìlọ̀ náà kò kan òun.

Āyah 188 nínú Sūratu-l-Baqarah lọ tààrà sí ọ̀rọ̀ owó. Ó kọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ láti jẹ ohun ìní ara wọn lọ́nà àìtọ́, tàbí láti gbé owó lọ bá àwọn aláṣẹ kí wọ́n lè rí apá kan nínú ohun ìní àwọn ẹlòmíràn jẹ. Àwọn onítumọ̀ Al-Qur’ān ti tọ́ka sí i pé ọ̀rọ̀ tí a lò níbẹ̀ tan mọ́ sísọ korobá sínú kànga. Ẹni tó ń fún adájọ́ lówó kò ta á lọ́rẹ. Ó sọ korobá sílẹ̀ ni, ó sì mọ ohun tó fẹ́ fà jáde.

Nínú Sunnah, hadīth tó la ọ̀rọ̀ yìí yé jù lọ ni ti obìnrin ìdílé Makhzūm tó jalè, èyí tí Bukhārī àti Muslim gbà wá. Àwọn ènìyàn Quraysh kò fẹ́ kí ìtìjú bá ìdílé ńlá bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rán Usāmah ọmọ Zayd, ẹni tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fẹ́ràn, láti bá wọn bẹ̀bẹ̀. Inú bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ó ṣàlàyé pé ohun tó pa àwọn ìjọ tó ṣáájú run ni pé bí ọlọ́lá bá jalè, wọn a fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí aláìlágbára bá jalè, wọn a fi ìyà òfin jẹ ẹ́. Ó sì fi Fāṭimah ọmọ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ pé òfin kò ní yọ òun náà sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó fara sin nínú hadīth yìí ni pé Usāmah kò mú rìbá wá, kò sì halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ àti ojú rere ló gbé wá. Síbẹ̀, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ka èyí sí títọwọ́ bọ òfin Ọlọ́hun. Títọwọ́bọ̀ tó lágbára jù lọ lè jẹ́ èyí tó wá pẹ̀lú ẹ̀rín àti ọ̀rọ̀ ìbẹ̀bẹ̀.

Hadīth méjì mìíràn tún wúlò níhìn-ín. Àkọ́kọ́ ni ti Ibn al-Lutbiyyah, tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun rán lọ gba sàká. Nígbà tó padà dé, ó ya apá kan sọ́tọ̀ pé wọ́n fi ta òun lọ́rẹ ni. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun béèrè bóyá ọrẹ náà ìbá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí ó bá jókòó sílé bàbá tàbí ìyá rẹ̀. Ìkejì ni ìmọ̀ràn tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fún ‘Alī (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) nígbà tó rán an lọ ṣe adájọ́ ní Yemen, pé kí ó má dá ẹjọ́ kí ó tó gbọ́ ti ẹnìkejì bí ó ti gbọ́ ti ẹni àkọ́kọ́. Abū Dāwūd àti Tirmidhī gba èyí wá. Àwọn Yorùbá pẹ̀lú sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ọ̀nà Méjì Tí Àwọn Onímọ̀ Ìṣáájú Tọ̀

Nígbà tí ìjọba àwọn Umayyad àti ti àwọn ‘Abbāsid fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí aláṣẹ sì di ọba, àwọn onímọ̀ kan yan ọ̀nà kíkọ̀. Imām Abū Ḥanīfah (ó kú ní 150 H./767) kọ ipò adájọ́ nígbà tí gómìnà Iraq, Ibn Hubayrah, fi lọ̀ ọ́, ó sì tún kọ̀ ọ́ fún ọba al-Manṣūr. Wọ́n nà án, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n. Imām Mālik (ó kú ní 179 H./795) kò sí nípò adájọ́, ṣùgbọ́n ní 147 H./764, gómìnà Madīnah ní kí wọ́n nà án nítorí ẹ̀kọ́ kan tó ń kọ́ni: pé ìkọ̀sílẹ̀ tí a fi ipá mú ènìyàn ṣe kò múlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ mọ̀ pé bí ìkọ̀sílẹ̀ tí a fi ipá gbà kò bá múlẹ̀, ìbúra ìtẹríba fún ọba tí a fi ipá gbà kò lè múlẹ̀ bákan náà. Láti ibi kékeré bẹ́ẹ̀ ni òṣèlú ti ń bá ìmọ̀ jà.

Ọ̀nà kejì ni gbígba ipò pẹ̀lú májẹ̀mú. Ẹni tó fi èyí hàn jù lọ ni Saḥnūn ti Qayrawān (ó kú ní 240 H./854), ẹni tí ìwé rẹ̀, al-Mudawwanah, jẹ́ òpómúléró òfin Mālik ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọba Muhammad ti ìdílé Aghlab fẹ́ kí ó di alíkálì. Saḥnūn kọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó gbà ní 234 H./848, ó ti gba ìlérí lọ́dọ̀ ọba pé òun yóò lè dá ẹjọ́ àwọn ará ilé ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ bí ti ẹnikẹ́ni. Kò sì gba owó oṣù fún ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọba.

Bí a bá fi ẹnu ọ̀nà mẹ́ta tí a mẹ́nu bà wo ìṣe Saḥnūn, a ó rí i pé kò lè ti ti àkọ́kọ́, nítorí ọba ló yàn án. Nítorí náà ó yára ti èkejì, èyí tí í ṣe owó. Ní ti ẹ̀kẹta, ó mú kí yíyọ òun di ohun tí yóò dójú ti ọba, nítorí gbogbo ìlú mọ májẹ̀mú tó wà láàrin wọn. A kò lè ní kí gbogbo adájọ́ máa ṣiṣẹ́ láìgba owó oṣù, nítorí ebi lè mú kí aláìní di ẹni ríràpadà. Ohun tí ìṣe Saḥnūn kọ́ wa ni pé kí ọ̀nà oúnjẹ adájọ́ má gba àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí yóò dá ẹjọ́ rẹ̀ kọjá.

Timbuktu, Kano àti Sokoto

Ní ilẹ̀ Songhay, al-Qāḍī Maḥmūd ọmọ ‘Umar ti ìdílé Aqīt wà nípò alíkálì Timbuktu láti 1498 títí tó fi kú ní 1548. Ìwé ìtàn Tārīkh al-Fattāsh sọ pé Askia Muhammad, tó jọba láti 1493 sí 1529, rán àwọn ìránṣẹ́ sí Timbuktu, alíkálì yìí sì dá wọn padà láìjẹ́ kí wọ́n mú àṣẹ ọba ṣẹ. Nígbà tí ọba fúnra rẹ̀ dé, ó béèrè ìdí rẹ̀. Alíkálì rán an létí ọjọ́ kan tí ọba wá bá a nílé, tó sì sọ pé òun fẹ́ fi í sáàrin ara òun àti iná ọ̀run. Ó ní ìdí nìyẹn tí òun fi ń dá àṣẹ rẹ̀ padà. Ìtàn náà sọ pé ọba gbà, ó sì dúpẹ́.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ìwé yìí kan náà kò bọ́ lọ́wọ́ òṣèlú. Ìwádìí tí Mauro Nobili tẹ̀ jáde ní 2020 fi hàn pé Nūḥ ọmọ al-Ṭāhir, onímọ̀ kan ní ìjọba Hamdullahi ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tún àkọsílẹ̀ àtijọ́ ṣe láti fi ti ipò olórí rẹ̀, Ahmad Lobbo, lẹ́yìn. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo gbólóhùn ibẹ̀ ni a lè gbà bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ fi ìtàn alíkálì àti ọba sí ipò ìtàn tí àwọn onímọ̀ fi ń kọ́ni, ó sọ ohun tí wọ́n gbà pé ó yẹ fún wa: iṣẹ́ alíkálì ni láti gba ọba lọ́wọ́ ara rẹ̀. Aláṣẹ tó bá sọ alíkálì di ọmọ ọ̀dọ̀ ti wó ògiri tó wà láàrin òun àti iná.

Ní Kano, onímọ̀ láti Àríwá Áfíríkà, Muhammad ọmọ ‘Abd al-Karīm al-Maghīlī, kọ ìwé ìmọ̀ràn lórí ojúṣe ọba fún Muhammad Rumfa, tó jọba láti 1463 sí 1499. Ó tún dáhùn àwọn ìbéèrè Askia Muhammad lórí ìṣèjọba. Ní ọ̀rúndún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Shaykh ‘Uthmān ọmọ Fūdī (1754–1817) gba ojú ọ̀nà yìí kan náà nínú ìwé rẹ̀, Kitāb al-Farq, níbi tó ti fi ìjọba Mùsùlùmí wé ìṣe àwọn ọba ilẹ̀ Hausa. Ó dárúkọ gbígba rìbá àti gbígba owó òde tí Sharī‘ah kò là kalẹ̀. Ó wá ka òpó mẹ́rin tí ìjọba dúró lé: wazīr tó ṣeé fọkàn tán, alíkálì tí kò bẹ̀rù ẹ̀gàn ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun, olórí ọlọ́pàá tí yóò gba ẹ̀tọ́ aláìlágbára lọ́wọ́ alágbára, àti agbowó-òde tí kò ní fi ìyà jẹ ará ìlú. Bí Shaykh ṣe pín in yìí ṣe pàtàkì. Alíkálì jẹ́ òpó kan fún ara rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ka lára wazīr, kì í sì í ṣe ìránṣẹ́ agbowó-òde.

Ìtàn kò gbà kí a sọ pé Sokoto bọ́ lọ́wọ́ àìsàn yìí. ‘Abdullāhi ọmọ Fūdī, àbúrò Shaykh, fi ẹnu ara rẹ̀ ráhùn nípa bí ìfẹ́ ọrọ̀ àti ipò ṣe wọ inú àwọn tó jagun. Ní 1807 ó kúrò láàrin wọn pẹ̀lú èrò láti lọ sí ilẹ̀ mímọ́, ṣùgbọ́n ó dúró ní Kano. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ ìwé ìṣèjọba fún wọn, ó sì kọ Ḍiyā’ al-Ḥukkām. Ẹni tí ìṣèjọba já kulẹ̀ ló kọ ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìṣèjọba tó dára jù lọ ní agbègbè yìí. Kò sọ ìrètí nù nínú ìlànà nítorí pé àwọn ènìyàn kò tẹ̀lé e.

Láti Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì sí Ọwọ́ Ológun

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Sokoto ní 1903, wọn kò pa ilé ẹjọ́ alíkálì rẹ́. Wọ́n fi í sábẹ́ ètò ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀, níbi tí emir àti aṣojú Gẹ̀ẹ́sì jọ ní ọwọ́ nínú yíyan alíkálì, tí aṣojú náà sì lè yẹ ìdájọ́ wò kí ó yí i padà. Àwòrán ilé ẹjọ́ Sharī‘ah wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n yíyàn, owó àti ìyọkúrò ti bọ́ sọ́wọ́ aláṣẹ.

Ìjọba ológun kò tilẹ̀ nílò láti yọ́ wọlé gba ẹnu ọ̀nà kankan. Ṣe ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ pa láti ìta. Ní 1970, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ nínú ẹjọ́ Lakanmi pé ìjọba kò lágbára láti fi òfin gba ohun ìní àwọn ènìyàn kan bí ó ti ṣe. Kò pẹ́ tí ìjọba ológun fi gbé Òfin 28 ti ọdún náà jáde, tó sọ ìdájọ́ náà di òfo. Ní June 1993, ilé ẹjọ́ gíga kan ní Àbújá pàṣẹ ní ọjọ́ méjì sí ìdìbò ààrẹ pé kí ìdìbò má wáyé, bẹ́ẹ̀ òfin ìdìbò fúnra rẹ̀ ti sọ pé ilé ẹjọ́ kò lè dá a dúró. Ìdìbò wáyé ní ọjọ́ kejìlá, ìjọba ológun sì fagi lé e ní ọjọ́ kẹtàlélógún, lẹ́yìn tí ó ti fi onírúurú àṣẹ ilé ẹjọ́ ṣe àwáwí. Ìjọba tó ti fi ọ̀pọ̀ òfin di ilé ẹjọ́ lẹ́nu wá rí ilé ẹjọ́ lò nígbà tó wù ú.

Ẹnu Ọ̀nà Mẹ́ta Náà Lábẹ́ Ìjọba Alágbádá

Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 gbìyànjú láti ṣọ́ yíyàn. Ààrẹ kò lè dá yan Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ Àwọn Adájọ́ (NJC) ni yóò dárúkọ, Ilé Aṣòfin Àgbà ni yóò sì fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni gómìnà kò lè dá yan adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ tàbí Grand Kadi. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers fi hàn pé òfin nìkan kò tó. Gómìnà fẹ́ adájọ́ kan, NJC fẹ́ ẹlòmíràn. Nítorí ìjà yìí, àwọn ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ náà wà ní títì láti àárín 2014 títí di àárín 2015. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ kò rí ibi lọ, ẹni tó wà ní àtìmọ́lé kò sì rí adájọ́ tí yóò tú u sílẹ̀. Àwọn tó ń jà sórí àga kọ́ ni ìyà náà jẹ.

Ní ti owó, abala 121 nínú òfin yìí sọ pé kí owó tó tọ́ sí ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn olórí ilé ẹjọ́. Ọ̀pọ̀ gómìnà kò tẹ̀lé e. Ní May 2020, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí Àṣẹ Kẹwàá láti fi ipá mú wọn. Ní April 2021, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ (JUSUN) da iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù méjì ó lé díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ní 11 February 2022, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé àṣẹ Ààrẹ náà, pé kò ní agbára láti pa irú rẹ̀. Kódà ohun tó dára, bí ó bá gba ọwọ́ tí kò tọ́ wá, kì í fìdí múlẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, níbi tí owó ilé ẹjọ́ bá ti ń gba ọ́fíìsì gómìnà kọjá, adájọ́ ni yóò máa lọ tọrọ ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Gómìnà yóò sì máa ra ọkọ̀ fún àwọn adájọ́, àwọn oníròyìn yóò sì máa ya fọ́tò bí a ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́ bí ẹni gba ìtọrẹ. Ìbéèrè tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bi Ibn al-Lutbiyyah yẹ kí ó dún níbi irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀.

Ìyọkúrò nípò ló mú ọgbẹ́ tó jinlẹ̀ jù wá. Ní August 2011, wọ́n dá Adájọ́ Ayo Isa Salami, olórí Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, dúró lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn àríyànjiyàn tó wáyé láàrin òun àti Adájọ́ Àgbà ìgbà náà lórí ẹjọ́ ìdìbò gómìnà Sokoto. NJC ló kọ́kọ́ dámọ̀ràn rẹ̀, Ààrẹ Jonathan sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí NJC yí ọkàn padà ní May 2012 tó ní kí wọ́n dá a padà, Ààrẹ kò ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni ó wà títí àkókò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fi pé ní October 2013. Dídákẹ́ lásán ti ṣe iṣẹ́ ìyọkúrò.

Ní 25 January 2019, tí kò tó oṣù kan sí ọjọ́ tí a dá fún ìdìbò ààrẹ, Ààrẹ Buhari dá Adájọ́ Àgbà Walter Onnoghen dúró lórí ẹ̀sùn pé kò kéde gbogbo owó tó ní. Òfin orílẹ̀-èdè, ní abala 292, sọ pé Ààrẹ lè yọ Adájọ́ Àgbà bí ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé Aṣòfin Àgbà bá fọwọ́ sí i. A kò gba ọ̀nà yìí. Àṣẹ tí ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pa láìgbọ́ ti ẹni tí ẹjọ́ kàn ni a fi ṣe é. Ilé ẹjọ́ náà dá a lẹ́bi ní April 2019. Ní November 2024, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pa ìdájọ́ náà rẹ́ lẹ́yìn tí òun àti ìjọba ti jọ parí ọ̀rọ̀ nítùbí-ìnùbí. Ìmọ̀ràn tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fún ‘Alī ti sọ ohun tó yẹ kí a sọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ìjòkòó mìíràn ní ilẹ̀ yìí kò bọ́ lọ́wọ́ ìyọkúrò yìí. Sultan Ibrahim Dasuki, tí wọ́n fi jẹ ní 1988 lábẹ́ ìjọba ológun, ni ìjọba ológun mìíràn rọ̀ lóyè ní April 1996. Ní Kano, ìjọba ìpínlẹ̀ rọ Muhammadu Sanusi Kejì lóyè ní 9 March 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ mìíràn sì dá a padà ní May 2024. Ẹni tó yẹ kí ó máa gba aláṣẹ níyànjú di ẹni tí aláṣẹ lè lé kúrò láàárín ọjọ́ kan.

Ìbéèrè Tó Yẹ Kí A Dáhùn

Àwọn kan lè sọ pé bí adájọ́ bá bọ́ lọ́wọ́ aláṣẹ pátápátá, ta ni yóò mú adájọ́ tó ń gba rìbá? Ìbéèrè gidi ni. Hadīth tí Buraydah gbà wá, tí Abū Dāwūd kọ sílẹ̀, pín àwọn adájọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta, méjì nínú wọn sì ni ti iná. Nítorí náà, òmìnira adájọ́ kò túmọ̀ sí pé kò ní jíhìn. Al-Māwardī (ó kú ní 450 H./1058) kọ ní kíkún lórí ilé ẹjọ́ maẓālim, níbi tí aláṣẹ tàbí aṣojú rẹ̀ ti ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìyàtọ̀ wà láàrin aláṣẹ tó ń mú òṣìṣẹ́ jíhìn ní gbangba, ní ọ̀nà tí òfin là, àti aláṣẹ tó ń wá adájọ́ tí yóò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ẹ̀sùn tí a fi kan adájọ́ lè jẹ́ òótọ́, kí ọ̀nà tí a fi yọ ọ́ sì jẹ́ ìbàjẹ́. Ẹni tó bá gbà kí a fi ọ̀nà ìbàjẹ́ yọ adájọ́ búburú lónìí ti la ọ̀nà tí a ó fi yọ adájọ́ rere lọ́la.

Ọ̀rọ̀ kan tún kan àwọn tó fẹ́ràn Sharī‘ah. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Zamfara gbé òfin ìyà Sharī‘ah kalẹ̀ ní January 2000, tí ìpínlẹ̀ mọ́kànlá mìíràn sì tẹ̀lé e, àwọn gómìnà ni wọ́n ṣáájú ètò náà. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n gé lọ́wọ́ ní Zamfara lọ́dún náà ni ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi pé ó jí màálù. Bẹ́ẹ̀ owó ìlú tó ń sọnù ní ọ́fíìsì ìjọba jìnnà sí agbára alíkálì, nítorí alíkálì kò lè pe ẹni tó ń san owó oṣù rẹ̀ lẹ́jọ́. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà “ṣẹ̀ríà” ti wá dúró fún ìyà tí a fi jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan. Bóyá èyí ni bí òfin Ọlọ́hun ṣe máa ń rí lójú mẹ̀kúnnù níbi tí kò bá ti kan alágbára: ìyà nìkan ni wọ́n mọ̀ nínú rẹ̀.

Ìkádìí àti Àbá

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé títọwọ́ òṣèlú bọ ìdájọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà ènìyàn nìkan. Ọ̀rọ̀ ètò ni pẹ̀lú. Adájọ́ olùbẹ̀rù Ọlọ́hun lè dúró bí ti Abū Ḥanīfah, ṣùgbọ́n ìlú kò lè fi gbogbo ìrètí rẹ̀ sórí pé Abū Ḥanīfah ni yóò máa jókòó nígbà gbogbo. Saḥnūn mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi kọ́kọ́ béèrè májẹ̀mú kí ó tó béèrè ìwé ìdájọ́.

Àbá mẹ́ta ni a lè fà yọ. Èkíní, kí àwọn Mùsùlùmí tó ń béèrè ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Sharī‘ah ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí abala 275 nínú òfin orílẹ̀-èdè fàyè gbà, máa béèrè pẹ̀lú pé ọwọ́ ta ni owó rẹ̀ yóò gbà kọjá àti pé ta ni yóò lè yọ alíkálì rẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ Sharī‘ah olómìnira tó wà ní Ìbàdàn àti Èkó kò ní agbára ìjọba, ṣùgbọ́n wọ́n bọ́ lọ́wọ́ okùn ìjọba. Kí a má sáré gba agbára kí a sì gba okùn náà mọ́ ọn láìmọ̀. Èkejì, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń kọ́ àwọn adájọ́ ọ̀la ní òfin Mālik máa kọ́ wọn ní ìwà alíkálì (adab al-qāḍī) àti ìtàn Saḥnūn, al-Qāḍī Maḥmūd àti ‘Abdullāhi ọmọ Fūdī, kí ó má jẹ́ òfin ogún àti ìgbéyàwó nìkan ni wọn yóò mọ̀.

Ẹ̀kẹta kan àwọn àlùfáà fúnra wọn. Lásìkò ìdìbò, àwọn òṣèlú máa ń gbé àpò ìrẹsì, owó àti ìjókòó Hajj wá sí mọ́sálásí. Ohun tí wọ́n ń wá kò yàtọ̀ sí ohun tí ẹni tó sọ korobá sí kànga ń wá. Àlùfáà tó bá gbà á kò lè dìde ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ láti sọ pé ìjọba ṣe àìtọ́ sí adájọ́. Bí àwọn tó ń kọ́ni ní òdodo kò bá lè ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tiwọn, ọ̀rọ̀ wọn lórí ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́ kò ní wọ etí ẹnikẹ́ni. Kí Ọlọ́hun fún àwọn adájọ́ wa ní ọkàn tí kò bẹ̀rù ẹ̀gàn ẹnikẹ́ni, kí Ó sì fún àwọn aláṣẹ wa ní ọgbọ́n láti mọ̀ pé adájọ́ tó kọ̀ fún wọn lónìí ni odi tó wà láàrin wọn àti iná lọ́la.